Òkúta Tí Ọkọ́ Bá Kàn: Ohun Àtayébáyé Inú Oko Wa

Ẹ̀yin olùwòran wa, a kí yín o. Ẹ fara balẹ̀ wo òkúta kékeré tó wà níwájú yín yìí. Ara rẹ̀ ń dán bíi pé wọ́n fi epo pa á, orí rẹ̀ kan rí ṣóńṣó, èkejì fẹ̀, ó sì mú bí ẹnu àáké. Àwọn àgbẹ̀ wa mọ̀ ọ́n: ẹdùn àrá ni. Lẹ́yìn òjò ńlá, nígbà tí àgbàrá bá ti wọ́ yẹ̀pẹ̀ orí ebè lọ, ni ó sábà máa ń yọjú, ìdí nìyẹn tí àwọn baba wa fi gbà pé Ṣàngó ló sọ ọ́ láti òkè, tí wọ́n sì ń gbé e lọ sí ojúbọ rẹ̀. Àwọn awalẹ̀pìtàn ní tiwọn fi hàn wá pé àwọn èèyàn tó gbé ilẹ̀ yìí kí irin tó dé ni wọ́n fi omi àti iyanrìn lọ̀ ọ́ lórí àpáta, tí wọ́n sì fi gé igi. Ọpẹ́ ni fún àwọn olójúbọ, nítorí ọwọ́ wọn ni púpọ̀ nínú rẹ̀ kò fi sọnù.

Síbẹ̀, ibi tí a ti rí òkúta náà níye lórí ju òkúta náà lọ. Ní ọdún 1938, ọkùnrin kan ní ìlú Igbo-Ukwu nílẹ̀ Ìgbò, Isaiah Anozie, ń gbẹ́ kòtò omi nínú ọgbà rẹ̀ nígbà tó ṣalábàápàdé àwọn ohun èlò idẹ tí wọ́n fín dáradára. Ó kó wọn jáde, ó sì fún àwọn ọ̀rẹ́ àti aládùúgbò lára wọn. Nígbà tí Thurstan Shaw, awalẹ̀pìtàn ará Gẹ̀ẹ́sì, wá walẹ̀ níbẹ̀ ní 1959, ó gbẹ́ ilẹ̀ ẹbí náà tí ẹnikẹ́ni kò tíì fọwọ́ kàn, ó sì bá ibojì tí ipò ohun gbogbo inú rẹ̀ fi hàn pé orí àpótí ni wọ́n gbé òkú èèyàn pàtàkì kan jókòó lé. Ká ní wọ́n ti kó àwọn nǹkan wọ̀nyí jáde ṣáájú ni, idẹ ì bá wà lọ́wọ́ wa, ìtàn ìjókòó yẹn ì bá sì ti parun.

Nílé níhìn-ín, ẹ rántí àwọn ère ìlú Èsìẹ́ ní ìpínlẹ̀ Kwara. Wọ́n lé ní ẹgbẹ̀rún kan, ọkùnrin àti obìnrin tí wọ́n fi òkúta rírọ̀ gbẹ́, ọ̀pọ̀ wọn wà ní ìjókòó, àwọn mìíràn mú ohun ìjà lọ́wọ́. Ọdún 1933 ni ìròyìn wọn tàn dé ìta, nígbà tó sì di 1945, wọ́n ṣí ilé ìṣẹ̀ǹbáyé síbẹ̀, òun sì ni àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ti ṣẹ́, orí wà lọ́tọ̀, ara wà lọ́tọ̀, títí di òní kò sì sí ẹni tó lè fọwọ́ sọ̀yà pé àwọn báyìí ló gbẹ́ wọn. Ó máa ń dùn mí gan-an nígbàkigbà tí mo bá dúró níwájú wọn.

Nítorí náà, ẹ jẹ́ kí ojú yín là sí ahoro. Bí ẹ bá ń roko tí ẹ bá àpáàdì lọ́pọ̀lọpọ̀, tàbí ìdàrọ́ tí àwọn alágbẹ̀dẹ àtijọ́ dà nù, tàbí tí ẹ rí igi osè tó dá dúró lẹ́bàá yàrà tó ti ń dí, ó ṣeé ṣe kí ìlú kan ti wà níbẹ̀ rí. Kò pọn dandan kí ẹ pa oko náà tì. Ẹ̀wà àti ẹ̀pà kò béèrè pé kí a kọ ilẹ̀ jìnnà. Ebè iṣu, katakátá àti igi kajú ni wọ́n ń da ìpele ilẹ̀ rú. Ẹ sọ fún baálẹ̀, kí wọ́n sì fi tó ilé ìṣẹ̀ǹbáyé létí. Ẹ má ṣe ta ohun tí ẹ bá rí fún ẹnikẹ́ni, ẹ má sì wá òmíràn kún un, nítorí òfin kò gbà kí a walẹ̀ wá ohun àtayébáyé láìgba àṣẹ.

Bí àwọn awalẹ̀pìtàn bá dé, ẹ ó rí i pé wọn kì í lo ṣọ́bìrì fi hú ilẹ̀ bákan ṣáá. Wọ́n a fi èèkàn àti okùn pín ojú ilẹ̀ sí onígun mẹ́rin, wọ́n a máa fi irinṣẹ́ kékeré họ ọ́ díẹ̀díẹ̀, wọ́n a sì fi asẹ́ sẹ́ yẹ̀pẹ̀ rẹ̀, kí ìlẹ̀kẹ̀ tàbí eegun ẹja má baà bọ́ lọ. Yẹ̀pẹ̀ tí àwọ̀ rẹ̀ dúdú, tó sì rí róbótó láàárín yẹ̀pẹ̀ pupa, lè jẹ́ ojú ihò òpó ilé tó ti jẹrà. Èédú kékeré tí wọ́n bá níbẹ̀ ni wọn yóò fi mọ iye ọdún, kì í sì í ṣe èyíkéyìí, bí kò ṣe èyí tí òkété kò tíì fi ihò rẹ̀ gbé láti òkè wá sí ìsàlẹ̀.

Ìgbà tí wọ́n bá parí ni wọ́n ń kó yẹ̀pẹ̀ padà, kí àgbẹ̀ lè gba oko rẹ̀. Ṣùgbọ́n kí wọ́n tó dí i, wọ́n sábà máa ń tẹ́ ọ̀rá tàbí kí wọ́n fi owó wẹ́wẹ́ ayé òde òní sí ìsàlẹ̀ kòtò, kí ẹni tó bá tún wá gbẹ́ ibẹ̀ lẹ́yìn ọgọ́rùn-ún ọdún lè mọ ibi tí ọwọ́ àwọn dé dúró.