Èlùbọ́ Kì í Hù: Stem Cell àti Àrùn Ìfun

Ẹ káàsán o, ẹ̀yin èèyàn mi. Ṣàgámù ni mo ti ń bá yín sọ̀rọ̀. Ẹ wo ohun tó wà lọ́wọ́ mi yìí. Ọ̀rá pẹlẹbẹ ni, kò tóbi ju ọ̀rá mílíìkì kékeré lọ. Wọ́n kọ "stem cell" gàdàgbà sí i lára. Ìyẹ̀fun ló wà nínú rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin, tó ń ta gàrí ní ọjà Òkè-Àjé n'Ìjẹ̀bú-Òde, ra páálí kan rẹ̀ ní ìpàdé tí wọ́n pè é sí. Èrè gàrí oṣù méjì ló bá a lọ. Ẹni tó tà á fún un ní kó sinmi oògùn ọsibítù tó ń lò fún àrùn ìfun, pé èyí á tún ìfun rẹ̀ ṣe bí ti ọmọ tuntun. Ó sinmi oògùn lóòótọ́. Kò pé oṣù kan tí ẹ̀jẹ̀ fi padà sínú ìgbẹ́ rẹ̀.

Mi ò sọ pé irọ́ ni stem cell o. Ìmọ̀ gidi ni, àmọ́ ohun tó wà nínú ọ̀rá yìí kì í ṣe stem cell.

Ọdún mẹ́ta gbáko ni ẹ̀gbọ́n mi fi mu àgbo jẹ̀díjẹ̀dí. Wọ́n wo taífọ́ọ̀dù fún un, wọ́n wo amíbà. Kò burú pé ibẹ̀ ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀, torí kòkòrò lè fa ìgbẹ́ ẹ̀jẹ̀, kòkòrò ikọ́ ẹ̀gbẹ pàápàá lè wọ ìfun. Àmọ́ bí wọ́n bá ti tọ́jú kòkòrò lẹ́ẹ̀mejì lẹ́ẹ̀mẹta, tí ẹ̀jẹ̀ àti ikun ṣì ń bá ìgbẹ́ jáde, tí inú ń lọ́ èèyàn, tó sì ń rù, ó yẹ kí wọ́n ti kámẹ́rà tẹ́ẹ́rẹ́ gba ìdí wọ inú ìfun, kí wọ́n já ẹran bíńtín níbẹ̀ lọ yẹ̀ wò. Báyìí ni wọ́n ṣe rí ti ẹ̀gbọ́n mi. Oríṣi méjì gbòógì ni àrùn ìfun yìí. Ulcerative colitis kì í kọjá ìfun ńlá. Crohn's, tí wọ́n fi orúkọ dókítà Burrill Crohn pè, ẹni tí òun àti ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ méjì kọ̀wé nípa rẹ̀ ní New York lọ́dún 1932, lè mú ibikíbi láti ẹnu títí dé ihò ìdí. Méjèèjì kì í ràn. Àwọn ọmọ ogun ara, tó yẹ kó máa bá kòkòrò jà, ló kọjú ìjà sí ìfun.

Kí wá ni stem cell? Ẹnikẹ́ni tó bá ti gbin ewùrà ìkọ́kọrẹ́ rí mọ èbù. Ẹ gé e, ẹ rì í mọ́ ebè, ara rẹ̀ ni gbòǹgbò, ìtàkùn, ewé àti iṣu tuntun ti ń yọ. Sẹ́ẹ̀lì ni àwọn ohun ẹlẹ́mìí tíntìntín tó para pọ̀ di ara wa, èyí tó jọ èbù sì wà lára wọn. Èyí tó wà nínú mùdùnmúdùn eegun ló ń di ẹ̀jẹ̀, òun náà ló ń di ọmọ ogun ara.

Ọ̀nà kan tí àwọn dókítà gbà lò ó ni pé wọ́n á kó sẹ́ẹ̀lì aláìsàn náà pamọ́, wọ́n á fi oògùn líle, irú èyí tí wọ́n fi ń bá jẹjẹrẹ jà, pa àwọn ọmọ ogun tó ya ọlọ̀tẹ̀ rẹ́, wọ́n á wá dá sẹ́ẹ̀lì náà padà kó bí tuntun. Bí ẹni ṣán oko tó tún un gbìn. Wọ́n dán an wò ní Yúróòpù lára èèyàn 45 tó ní Crohn's líle, èsì rẹ̀ sì jáde ní 2015. Ohun tí wọ́n ń wá ni kí èèyàn wà láìlo oògùn, kí ara rẹ̀ yá, kí ìfun rẹ̀ sì mọ́. Nínú àwọn 23 tí wọ́n ṣe é fún, 2 péré ló dé ibẹ̀. Nínú àwọn 22 tí wọn ò tíì ṣe é fún, 1. Ẹnì kan sì kú. Ó dùn mí púpọ̀ nígbà tí mo kà á, torí ìnira ló ń lé èèyàn wọ irú ìdánwò bẹ́ẹ̀.

Ọ̀nà kejì fúyẹ́ jù ú lọ. Crohn's lè dá ihò lu sí ẹ̀bá ìdí, kí ọyún máa gba ibẹ̀ jáde, kí ìjókòó di ogun. Wọ́n mú stem cell láti inú ọ̀rá ara ẹni tó fi tọrẹ, wọ́n sọ ọ́ di púpọ̀, wọ́n wá fi abẹ́rẹ́ gún mílíọ̀nù 120 sí ìtòsí ihò náà. Darvadstrocel ni wọ́n ń pè é. Èèyàn 212 ló wà nínú ìdánwò rẹ̀. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ 24, ihò ti dí lára bí ìdajì àwọn tó gbà á, ó sì dí lára bí ìdá kan nínú mẹ́ta àwọn tí wọ́n fún ní omi iyọ̀ lásán. Yúróòpù fọwọ́ sí i ní 2018. Ìdánwò mìíràn tó tóbi jù ú lọ kò rí ìyàtọ̀ gidi, ní 2024 wọ́n kó o kúrò lọ́jà.

Ẹ jọ̀ọ́, ibi tí mo ń lọ nìyí. Nígbà tí wọ́n ṣì ń ta oògùn yẹn, wákàtí 72 péré ló ní láti ìgbà tí wọ́n bá ti pèsè rẹ̀. Ó kọjá bẹ́ẹ̀, ẹ dà á nù, torí ohun ẹlẹ́mìí ni. Ọ̀rá ọwọ́ mi yìí ńkọ́? Ọdún méjì ni wọ́n kọ sí i lára. Bí ẹ bá sá èbù, tí ẹ lọ̀ ọ́ di èlùbọ́, àmàlà lẹ ní. Ẹ ò lè gbìn ín mọ́.

Oògùn tó ń kápá àrùn yìí wà: mesalazine, azathioprine, infliximab, àti prednisolone fún ìgbà tó bá ru sókè. Ẹ má fi prednisolone sílẹ̀ lójijì tí ẹ bá ti ń lò ó fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, ó léwu, dókítà ló gbọ́dọ̀ máa dín in kù díẹ̀díẹ̀. Bí ẹ bá wà ní Rẹ́mọ, OOUTH, ọsibítù ńlá ti yunifásítì Olabisi Onabanjo, wà ní Ṣàgámù níbí, ti yunifásítì Babcock wà n'Ìlíṣàn. Ẹ lọ bèèrè dókítà tó mọ̀ nípa ìfun.

Ẹ̀gbọ́n mi ti padà sídìí oògùn rẹ̀, ẹ̀jẹ̀ náà sì ti dá. Òun ló fún mi ní ọ̀rá yìí. Ó ní kí n bá òun bi ẹni tó tà á fún òun, níwájú gbogbo yín, pé ara ta ni wọ́n ti kó sẹ́ẹ̀lì inú rẹ̀, ọjọ́ wo ni wọ́n sì kó o?