Ibi Tí Ọkọ̀ Ìdájí Ń Lọ: Bí Wọ́n Ṣe Ń Pààlà Agbègbè Ìlú Ńlá àti Ìlú Kékeré ní Texas

Ọ̀rọ̀ yìí ni mo bá àwọn ọmọ Yorùbá sọ níbi ìpàdé ọjọ́ Sátidé kan ní Houston. Àwọn tí kò ráyè wá ní kí n kọ ọ́ sílẹ̀, ni mo ṣe kọ ọ́.

Ẹ̀yin àgbà, mo kí yín. Ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi, ẹ kú ìjókòó. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tó wà lẹ́yìn, ẹ súnmọ́ iwájú díẹ̀ sí i.

Bí mo ṣe ń wọlé ni màmá kan dá mi dúró lẹ́nu ọ̀nà. Wọ́n ní, "Ọmọ mi, Katy ni mò ń gbé. Bí wọ́n bá pè mí láti ilé, Houston ni mo máa ń sọ fún wọn. Ṣé irọ́ ni mò ń pa?" Mo ní, "Màmá, ẹ ò pa irọ́ kankan." Ìdí tí mo fi dá wọn lóhùn bẹ́ẹ̀ ni mo fẹ́ ṣàlàyé lónìí.

Katy ní méyọ̀ tirẹ̀, ó ní ọlọ́pàá tirẹ̀. Ilẹ̀ rẹ̀ bọ́ sínú káúńtì mẹ́ta, ìyẹn àwọn ìpín ilẹ̀ tí wọ́n pín ìpínlẹ̀ sí: Harris, Fort Bend àti Waller. Méyọ̀ Houston kò láṣẹ kankan níbẹ̀. Ṣùgbọ́n nínú ìwé tí ìjọba àpapọ̀ fi ń ka èèyàn, iṣẹ́ àti owó-iṣẹ́, agbègbè kan náà ni gbogbo wọn. Nígbà ìkànìyàn 2020, àwọn tó ń gbé inú ààlà ìlú Houston gan-an jẹ́ 2,304,580. Àwọn tó ń gbé agbègbè rẹ̀ lápapọ̀ lé ní mílíọ̀nù 7. Ìyẹn ni pé, bí ẹ bá rí mẹ́ta nínú àwa tí a ń pe ara wa ní ará Houston, bíi méjì nínú wa kò sí lábẹ́ méyọ̀ Houston rárá.

Ta ló ń pààlà yìí? Kì í ṣe gómìnà Texas, kì í sì í ṣe méyọ̀ kankan. Ọ́fíìsì kan lábẹ́ ààrẹ Amẹ́ríkà, èyí tó ń bójú tó ètò ìṣúná, tí wọ́n ń pè ní OMB, ló ń ṣe é. Torí ìkànìyàn 1950 ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, kí gbogbo ẹ̀ka ìjọba lè máa fi òṣùwọ̀n kan náà wọn ìlú ńlá. Wọ́n máa ń tún òfin rẹ̀ yẹ̀ wò ní ọdún mẹ́wàá mẹ́wàá. Èyí tí mò ń sọ lónìí ni wọ́n gbé jáde ní oṣù Keje ọdún 2023.

Ibi tí ilé pọ̀ sí ni wọ́n ti ń bẹ̀rẹ̀. Àwọn aṣèkànìyàn á wo ibi tí ilé ti so mọ́ ilé, wọn ò ní wo ààlà méyọ̀. Bí àwọn tó ń gbé ibẹ̀ bá tó 50,000, ibẹ̀ ti tó láti jẹ́ ọkàn agbègbè ìlú ńlá, èyí tí wọ́n ń pè ní metropolitan. Bí wọ́n bá tó 10,000 tí wọn ò tó 50,000, agbègbè ìlú kékeré ni, micropolitan. Ọdún 2003 ni ti kékeré yìí wọlé. Ṣáájú ìgbà náà, ìlú bíi El Campo àti abúlé tí kò ju ogún ilé lọ, àpò kan náà ni wọ́n ń kó wọn sí: "kì í ṣe ìlú ńlá." Mo gbà pé àtúnṣe yẹn dára. Ìlú tó ní ilé ìwòsàn, ọjà àti ilé-ẹ̀kọ́ tirẹ̀, tí àwọn ará oko ń wọ́ wá síbẹ̀, kò yẹ kí wọ́n máa kà á bí ẹni pé kò sí nílẹ̀.

Lẹ́yìn èyí ni wọ́n á wá mú káúńtì. Odidi ni wọ́n ń mú un, wọn kì í gé e. Texas ní 254, kò sí ìpínlẹ̀ tó ní tó bẹ́ẹ̀ ní gbogbo Amẹ́ríkà. Káúńtì tí ibi tí ilé pọ̀ sí yẹn wà nínú rẹ̀ ni káúńtì àárín. Àwọn tó yí i ká ńkọ́? Èwo ni yóò bá a lọ, èwo ni yóò dá dúró?

Ẹ jẹ́ ká lọ sí Shepherd, ní káúńtì San Jacinto. Igi páìnì ló yí wọn ká níbẹ̀. Igbó ìjọba tí wọ́n fi orúkọ Sam Houston pè wà lára ilẹ̀ káúńtì náà, gbogbo èèyàn tó ń gbé káúńtì ọ̀hún kò sì pé 30,000. Ká ní aago mẹ́rin ààbọ̀ ìdájí ni, òkùnkùn ṣì bolẹ̀. Iná ọkọ̀ á máa yọ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan láti inú ọ̀nà eléruku, wọ́n á já sí ọ̀nà 59. Ife kọfí wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹni tó ń wakọ̀, aṣọ iṣẹ́ wà lórí àga ẹ̀yìn. Gúúsù ni wọ́n dorí kọ, Houston ni wọ́n ń bọ̀. Ọ̀kan ń lọ tọ́jú aláìsàn, ọ̀kan ń lọ síbi tí wọ́n ti ń fọ epo, òmíràn ń lọ gbálẹ̀ ọ́fíìsì kí àwọn ọ̀gá tó dé. Wọ́n á padà lálẹ́.

Ìrìn yẹn gan-an ni OMB ń kà. Nínú 100 òṣìṣẹ́ tó ń gbé káúńtì kan, bí 25 bá ń lọ ṣiṣẹ́ ní káúńtì àárín, káúńtì náà ti wọlé. Bó bá jẹ́ àwọn ará àárín ló wá ń ṣe 25 nínú 100 iṣẹ́ tó wà níbẹ̀, ó wọlé bákan náà. Ní 2023, San Jacinto wọlé, agbègbè Houston tó jẹ́ káúńtì 9 tẹ́lẹ̀ di 10. Wọn ò torí rẹ̀ gé igi páìnì kan.

Àwa tí a ti Ìbàdàn wá mọ ohun tó jọ èyí. Bàbá wa àgbà lè pẹ́ lábà títí kí kòkó fi gbẹ, síbẹ̀ bí wọ́n bá bi í, ọmọ Ìbàdàn ni. Tiwọn ni pé oko ni iṣẹ́ wà, ìlú ni ilé wà. Ti Shepherd, ìlú ni iṣẹ́ wà, inú igbó ni ilé wà. Ẹsẹ̀ àwọn èèyàn tó ń lọ tó ń bọ̀ ló so ìlú àti oko pọ̀.

Nítorí náà, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má túmọ̀ metropolitan sí ìgboro. OMB fúnra rẹ̀ kọ ọ́ sínú ìwé pé òun kò fi èyí ya ìlú sọ́tọ̀ kúrò lára ìgbèríko. Ó sì dùn mí pé ojoojúmọ́ ni wọ́n ń lò ó bẹ́ẹ̀. Ẹ̀yin nọ́ọ̀sì tó wà níbí, ó kàn yín. Bí Medicare, ètò ìlera ìjọba àpapọ̀ tó wà fún àwọn àgbàlagbà pàápàá, bá fẹ́ sanwó fún ilé ìwòsàn, ó máa ń wo iye owó-iṣẹ́ ní agbègbè tí ilé ìwòsàn náà wà. Èyí tó bá wà ní metropolitan ní òṣùwọ̀n agbègbè tirẹ̀. Èyí tó bá wà ní micropolitan, wọ́n á dà á pọ̀ mọ́ ìgbèríko ìpínlẹ̀ náà. Conroe wà lára agbègbè Houston. Huntsville, tó wà ní káúńtì tó tẹ̀ lé e, micropolitan ni. Ilé ìwòsàn lè kọ̀wé bẹ̀bẹ̀ pé kí wọ́n ka òun mọ́ aládùúgbò òun, ṣùgbọ́n ààlà tí wọ́n torí ìṣirò fà ló sọ ọ́ di ẹni tó ń bẹ̀bẹ̀.

Ẹ rántí ohun tó ṣẹlẹ̀ ní 2021. Wọ́n dábàá pé kí wọ́n gbé 50,000 yẹn lọ sí 100,000, torí iye èèyàn Amẹ́ríkà ti ju ìlọ́po méjì ti 1950 lọ. Bí ó bá kọjá, agbègbè 144 ni ì bá bọ́ sílẹ̀ sí micropolitan, Victoria tó wà ní Texas níbí sì wà lára wọn. Àwọn méyọ̀ àti sẹ́nétọ̀ pariwo, OMB sì jáwọ́ nínú rẹ̀ ní oṣù Keje ọdún yẹn. Ní ti ìṣirò, àbá yẹn nídìí. Ṣùgbọ́n níwọ̀n ìgbà tí owó bá ti so mọ́ orúkọ, n kò lè dá méyọ̀ tó pariwo lẹ́bi.

Bọ̀dá kan béèrè ìdí tí orúkọ agbègbè wa fi yí padà. Houston-The Woodlands-Sugar Land ni tẹ́lẹ̀. Ó ti di Houston-Pasadena-The Woodlands. Ìlú pàtàkì mẹ́ta tó pọ̀ jù ló ń wọ orúkọ. Bọ̀dá ní, "Pearland tí mò ń gbé ju The Woodlands lọ, kí ló dé?" Òótọ́ ni, Pearland lé ní 125,000 nígbà tí The Woodlands kò pé 115,000. Ṣùgbọ́n kí ìlú bíi Pearland tó lè jẹ́ ìlú pàtàkì, iye iṣẹ́ tó wà níbẹ̀ gbọ́dọ̀ tó iye òṣìṣẹ́ tó ń gbé ibẹ̀. Àárọ̀ kùtùkùtù ni Pearland máa ń ṣófo.

Ààlà ìpínlẹ̀ kò dí ètò yìí lọ́wọ́. Texarkana mú káúńtì láti Texas, ó mú láti Arkansas. Ti orílẹ̀-èdè ló ń dí i. Lójoojúmọ́ ni àwọn èèyàn ń gba orí afárá láti Juárez ní Mẹ́síkò wá ṣiṣẹ́ ní El Paso, síbẹ̀ agbègbè El Paso parí sí etí odò. Àwọn káúńtì kan wà tí kò sí nínú èyíkéyìí: Brewster, tí ilẹ̀ rẹ̀ fẹ̀ jù ní Texas, kò ní ibì kan tí èèyàn 10,000 kó ara wọn jọ sí.

Ọ̀dọ́mọbìnrin kan ní, "Èmi ńkọ́, tó jẹ́ inú yàrá mi ni mo ti ń ṣiṣẹ́?" Káúńtì tí ilé rẹ̀ wà ni wọ́n á ka iṣẹ́ rẹ̀ sí. Ìrìn tí wọ́n kà fún ààlà 2023, ti ọdún 2016 sí 2020 ni. Ọ̀pọ̀ jù lọ rẹ̀ ṣáájú kí kòrónà tó lé àwọn èèyàn wọlé. Ẹ̀rù ń bà mí pé ọkọ̀ ìdájí tí wọ́n kà nígbà yẹn lè ti dínkù lónìí.

Níbo ni wọ́n ti ń rí ìrìn yìí kà? Nínú fọ́ọ̀mù American Community Survey, ìwádìí tí àwọn aṣèkànìyàn ń ṣe lọ́dọọdún. Bíi mílíọ̀nù 3.5 ilé ni wọ́n ń fi ránṣẹ́ sí lọ́dún, òfin sì ní kí ẹni tó bá gbà á dáhùn. Ó ń béèrè ibi tí o ti ṣiṣẹ́ ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá: àdírẹ́sì, ìlú, káúńtì. Màmá tí mo sọ̀rọ̀ wọn ní ìbẹ̀rẹ̀ nawọ́ sókè, wọ́n ní fọ́ọ̀mù bẹ́ẹ̀ dé ilé àwọn ní oṣù tó kọjá, inú dúrọ́ọ̀ ni àwọn tì í bọ̀. Mo bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n mú un jáde ní alẹ́ ọjọ́ náà, mo sì kọ nọ́ńbà mi sílẹ̀ fún wọn kí wọ́n lè pè mí bí wọ́n bá dé ibi tí wọ́n ti ń béèrè káúńtì.