Bí Ọkọ̀ Akóyìnyín Ṣe Ń Tọ Òòfà Abẹ́ Ọ̀nà: Ẹ Jẹ́ Ká Ṣe Kékeré Tiwa

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o. Ṣọ́ọ̀bù wa ní Bódìjà la wà. Pákó gígùn tẹ́ ẹ rí nílẹ̀ yìí ni ọ̀nà márosẹ̀ wa. Ìyẹ̀fun pákó inú àpò yìí, ọ̀dọ̀ àwọn onípákó ni mo ti bù ú wá; òun ló máa dúró fún yìnyín.

Ní Donner Pass, ọ̀nà tó gba àárín òkè kọjá ní California, yìnyín máa ń bo ọ̀nà I-80 débi pé awakọ̀ ò ní rí ìlà ojú ọ̀nà mọ́. Kámẹ́rà náà ò ní rí i. Làwọn olùwádìí PATH, ẹ̀ka tó ń ṣèwádìí ọkọ̀ àti ọ̀nà ní University of California, Berkeley, bá ri òòfà mọ́ ojú ọ̀nà, mítà 1.2 síra wọn. Sẹ́ńsọ̀ abẹ́ ọkọ̀ ń mọ òòfà náà lára gba inú yìnyín, ẹ̀rọ ń yí sitiárìn, awakọ̀ sì jókòó ti eré àti bíréèkì. Ẹ̀rọ tó ń fẹ́ yìnyín dànù ló nílò rẹ̀ jù: ó gbọ́dọ̀ sún mọ́ irin ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà dáadáa, kò sì gbọdọ̀ kàn án.

Ó yá. Ẹ lu ihò sí pákó ní sẹ̀ǹtímítà 12 síra, kẹ́ ẹ fi gọ́ọ̀mù lẹ òòfà sínú wọn.

Hall sensor, ìyẹn sẹ́ńsọ̀ tó ń mọ òòfà lára, mẹ́ta ni kẹ́ ẹ rà, irú SS49E. Ẹ má ra A3144. Ìyẹn kàn ń sọ pé òòfà wà tàbí kò sí, kò lè sọ bó ṣe jìnnà tó. Ẹ so wọ́n síwájú ọkọ̀ kékeré wa, òsì, àárín, ọ̀tún, sẹ̀ǹtímítà 1.5 sókè pákó. Ẹ gbé wọn jìnnà sí mọ́tò, torí òòfà wà nínú mọ́tò náà.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fo ibí yìí. Kí ọkọ̀ tó dé orí òòfà rárá, ẹ ka nọ́ńbà sẹ́ńsọ̀ kọ̀ọ̀kan lórí Arduino, kọ̀ǹpútà kékeré tó ń darí ọkọ̀ wa. Ó yẹ kó wà nítòsí 512. Tèmi tòsì 509, tọ̀tún 517. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀, òun la ó máa yọ kúrò. Òòfà ní ojú méjì: ọ̀kan máa ń gbé nọ́ńbà sókè, ìkejì máa ń fà á wálẹ̀. Bó ṣe kúrò níbi tó wà tẹ́lẹ̀ nìkan la fẹ́.

Tí tòsì bá pọ̀ ju tọ̀tún lọ, òòfà wà lósì, ẹ yí sósì. Ó dà bí ẹni pé ó ti tán, àmọ́ ọkọ̀ tí mo kọ́kọ́ ṣe ń ta gẹ́ẹ́gẹ́ẹ́ bí ọ̀mùtí. Alẹ́ méjì ni mo fi wá ìdí rẹ̀. Láàárín òòfà méjì, ọkọ̀ ò gbọ́ nǹkan kan. Bẹ́ ẹ bá ṣe ní kó yí kẹ́yìn ló ṣe ń yí lọ, á sì ré àárín kọjá. Nítorí náà, ẹ jẹ́ kó máa yí díẹ̀díẹ̀, kẹ́ ẹ sì fi òòfà yìí wé ti ìṣáájú. Bí àṣìṣe, ìyẹn bí ọkọ̀ ṣe jìnnà sí àárín, bá ti ń dínkù, ẹ ti bẹ̀rẹ̀ sí í tọ́ táyà kó tó dé àárín.

Sẹ́ńsọ̀ àárín ń sọ ìgbà tí òòfà wà lábẹ́ wa gan-an. Ó tún ń ka ojú tí òòfà kọ sókè. Ní California, bí wọ́n ṣe to ojú méjèèjì yìí dà bí álífábẹ́ẹ̀tì: ọkọ̀ á ti mọ̀ pé kọ́nà ń bọ̀ kó tó débẹ̀. Mo ti dojú òòfà mẹ́ta dé síbí, kí ọkọ̀ wa lè mọ̀ pé kọ́nà ń bọ̀, kó dẹ eré.

Ẹ da ìyẹ̀fun bò ó, kó má ju sẹ̀ǹtímítà kan lọ. Ẹ tan án. Ó ń bọ̀... ó ti ka mẹ́ta yẹn, ó dẹ eré... ó yí. Ẹ wo ẹ̀yìn rẹ̀: òòfà ń yọjú lọ́kọ̀ọ̀kan.