Gáùn Aṣọ Tó Ń Fà fún Ìgbà Ooru

Òkun o, ẹ̀yin èèyàn wa! Gáùn tó máa jẹ́ ká mí dáadáa nínú ooru oṣù kẹta ní Kàbà àti Ìsánlú la fẹ́ rán, pẹ̀lú aṣọ tó ń fà, irú èyí tí wọ́n fi ń ṣe tíṣọ́ọ̀tì. Ẹ ra èyí tí òwú pọ̀ nínú rẹ̀. Kìkì poliẹ́sítà kì í fa òógùn. Yáàdì méjì tí ìbú rẹ̀ jẹ́ 60 íńṣì tó gáùn dé orúnkún, tòun ti apá kúkurú. Ẹ fọ̀ ọ́ kẹ́ ẹ tó gé e, torí ó máa sún kì. Ibi tó ti ń fà jù ni kó yí ara ká.

Ẹ wo aṣọ ìpo pupa tí wọ́n máa ń hun lórí òfì ní Bùnú láyé àtijọ́. Okùn kan dúró lóòró, èkejì dábùú rẹ̀, wọ́n di ara wọn mú gírígírí. Kò lè fà. Iṣẹ́ ńlá nìyẹn! Ṣùgbọ́n tiwa yìí, ńṣe ni okùn rẹ̀ kọ́ ara wọn bíi ti súwẹ́tà. Bí abẹ́rẹ́ bá já ìkọ́ kan, ihò dé nìyẹn. Abẹ́rẹ́ ẹnu ṣóńṣó tẹ́ ẹ fi ń rán àǹkárá máa já a, tàbí kó máa fo ojú rírán. Abẹ́rẹ́ ballpoint ni kẹ́ ẹ béèrè, nọ́ńbà 75/11 tàbí 80/12. Ẹnu rẹ̀ rí róbótó, àárín okùn ló ń gbà kọjá.

Sígísáàgì kékeré, ìyẹn rírán tó ń lọ sọ́tùn-ún sósì, ni kẹ́ ẹ fi rán an: ìbú mìlímítà 1, gígùn mìlímítà 2.5. Tẹ́ ẹ bá rán an lọ tààrà, ọjọ́ tẹ́ ẹ bá kọ́kọ́ bọ̀ ọ́ lọ́rùn ni òwú máa já, pà!

Ó wá ku ibi tí gbogbo èèyàn ti ń ṣì í. Ẹ MÁ FA AṢỌ! Ẹ má fà á níwájú, ẹ má fà á lẹ́yìn. Eyín máṣíìnì ló ń gbé e lọ. Ọwọ́ yín kàn ń tọ́ ọ ni. Tẹ́ ẹ bá fà á, ojú rírán á ṣe kọ́lọkọ̀lọ bí ipa ejò nínú iyanrìn. Ẹ má sì jẹ́ kí èyí tó kù rọ̀ sílẹ̀ lára tábìlì, ìwúwo rẹ̀ náà ń fà á. MO TÚN UN SỌ: Ẹ MÁ FÀ Á!

Ọrùn nìkan ló yàtọ̀. Bí ọrùn gáùn bá jẹ́ 24 íńṣì, ẹ gé báńdì, ìyẹn aṣọ tẹ́ẹ́rẹ́ tá a máa rán mọ́ ọrùn, sí íńṣì 21½, kí ìbú rẹ̀ jẹ́ íńṣì 2. Ẹ so orí rẹ̀ méjèèjì pọ̀ pẹ̀lú ààbọ̀ íńṣì, ẹ ṣẹ́ ẹ po sí méjì, ẹ pín òun àti ọrùn gáùn sí mẹ́rin-mẹ́rin, kẹ́ ẹ fi píìnì mú wọn. Báńdì ni kẹ́ ẹ máa fà títí dé píìnì tó kàn. Ẹ má fa ọrùn gáùn!

Etí aṣọ yìí kì í tú, kò nílò wíípì, ìyẹn rírán tó ń dí etí aṣọ. Ẹ fi gáùn náà kọ́ mọ́jú kó lè fà tán, kẹ́ ẹ tó ṣẹ́ ìsàlẹ̀ rẹ̀. Tẹ́ ẹ bá ń lọ̀ ọ́, ẹ gbé áyọ́ọ̀nù lé e, kẹ́ ẹ gbé e kúrò. Ẹ má wọ́ ọ.