Ta Ni Wọ́n Ṣe É Fún? Irú Ibi Ìgbafẹ́ Mẹ́rin Tó Wà ní Nàìjíríà

Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, ẹ̀yin tèmi. Mọ̀pà la wà yìí, n'Ílé-Ifẹ̀. Ohun tó ga sókè lẹ́yìn mi yẹn ni Ọ̀pá Ọ̀rànmíyàn. Ẹ má wò mí, òun ni kẹ́ ẹ máa wò.

Àwọn ọmọ tó ń kọ́ nípa ìrìn-àjò afẹ́ nílé ìwé kì í jẹ́ kí n sinmi. "Ẹ̀gbọ́n, irú ibi ìgbafẹ́ mélòó ló wà?" Mẹ́rin ni. Mélòó ni wọ́n máa ń gbà? Mẹ́ta. Ìkejì ni wọ́n máa ń ṣì, ibẹ̀ náà la máa pẹ́ sí lónìí.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ gbá ilẹ̀ mọ́. Òtẹ́ẹ̀lì kì í ṣe ibi ìgbafẹ́. Mọ́tò tó gbé yín wá kọ́. Búkà kọ́. Mo mọ̀ pé owó wà ńbẹ̀, mo sì mọ̀ pé iṣẹ́ afẹ́ kò lè rìn láìsí wọn. Ẹ wò ó bí ìgbéyàwó. Kánópì ń bẹ, àga ń bẹ, ẹ sì lè bínú lọ sílé bí ìrẹsì ò bá kàn yín. Ṣùgbọ́n ta ló wọkọ̀ láti Èkó torí kó lè wá wo kánópì? Ìyàwó la wá wò! Ohun tó yọ àlejò nínú ilé rẹ̀, òun là ń pè ní ibi ìgbafẹ́. Ó tán.

Irú kìíní, kò le rárá: ohun tí Olódùmarè dá. Òkè, omi, igbó, ẹranko. Omi Olúmirin ní Ẹ̀rìn-Ìjẹ̀ṣà, lápá Iléṣà lọ́hùn-ún, tó ń já bọ́ ní ìpele méje. Ìkògòsì l'Ékìtì, níbi tí omi gbígbóná ti ń pàdé omi tútù. Yankari ní Bauchi, níbi tí erin wà. Ẹ ti mọ̀yẹn. Ẹ jẹ́ ká lọ.

Irú kejì. Ẹ rọra o, ibi tí wọ́n ti ń ṣubú nìyí.

Èèyàn ló ṣe é, ÀMỌ́ KÒ ṢE É NÍTORÍ ÀLEJÒ. Bẹ́ ẹ bá ti rí i pé ọwọ́ èèyàn ló ṣe nǹkan, ẹ ó kàn kó gbogbo rẹ̀ sínú àpò kan, ẹ ó ní "àtọwọ́dá." Rárá! Ẹ má béèrè pé ta ló ṣe é. Ẹ béèrè pé TA NI WỌ́N ṢE É FÚN?

Mo fẹ́ fi fọ́tò kan hàn yín, mo yà á níbòmíràn nínú Ifẹ̀ yìí kan náà. Ẹ rí i? Àpáàdì ni, àfọ́kù ìkòkò. Ẹ wò ó dáadáa, wọn ò tẹ́ ẹ lélẹ̀ pẹrẹsẹ bíi máábù. Ńṣe ni wọ́n gbé e dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́, etí rẹ̀ lókè, ọ̀kan fara ti èkejì, bí ìgbà téèyàn to ìwé sórí pẹpẹ. Níbí, wọ́n tò ó bí egungun ẹja, wọ́n sì fi òkúta wẹ́wẹ́ funfun là á láàárín. Ọgọ́rùn-ún ọdún mélòó kan ni òjò fi rọ̀ lé e lórí, ó ṣì wà níbẹ̀. Àwọn àgbà Ifẹ̀ máa ń sọ pé Lúwo, obìnrin tó jẹ Ọ̀ọ̀ni, ló ní kí wọ́n tẹ́ ẹ, torí kò fẹ́ kí ẹrẹ̀ kan ẹsẹ̀ òun. Ó dáa, ta ni wọ́n ṣe é fún? Ẹsẹ̀ ọba! Kò sẹ́ni tó ń ronú oníkámẹ́rà láti Jámánì lọ́jọ́ náà.

Ẹ padà wá síbi Ọ̀pá yìí. Òkúta tó ga tó mítà 5.5, tí wọ́n kan ìṣó irin tó lé ní 100 mọ́ lára. Ṣé ẹ rò pé ẹni tó jókòó kan ìṣó mọ́ òkúta lọ́kọ̀ọ̀kan ń retí owó ìwọlé ni? Ọ̀rànmíyàn ni wọ́n ṣe é fún. Irú kejì!

Wàyí o, ère Mọ́rèmí, èyí tí Ọ̀ọ̀ni Ògúnwùsì ṣí ní 2016, tó ga ní ẹsẹ̀ bàtà 42. Òkúta àtijọ́ kọ́. Wọ́n dìídì gbé e ró káwọn èèyàn lè wá wò ó ni. Irú kẹta nìyẹn, pẹ̀lú mùsíọ́ọ̀mù, ọgbà ẹranko, àti afárá orí igi tó wà ní Lekki l'Ékòó. Ẹ tò wọ́n sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn: Ọ̀pá, Mọ́rèmí. Méjèèjì ga, méjèèjì wà n'Ífẹ̀, èèyàn ló ṣe méjèèjì. TA NI WỌ́N ṢE É FÚN ló yà wọ́n sọ́tọ̀.

"Kí ló wá kàn mí ńbẹ̀?" Ó kàn ẹ́ dáadáa! Bí èrò bá pọ̀ jù níbi irú kẹta, wọ́n á kọ́ kún un. Ta ló fẹ́ kọ́ Ọ̀pá Ọ̀rànmíyàn kún? Irú kejì kò mọ̀ pé èrò ń bọ̀, kò múra sílẹ̀, ó sì ní àwọn tó ni ín, tí wọ́n ṣì ń bọ ohun tí wọ́n ń bọ níbẹ̀. Ìdí nìyí tí n kì í fi jẹ́ kí àlejò mi fara ti òkúta yìí ya fọ́tò. Ẹnì kan tiẹ̀ fẹ́ fi ẹsẹ̀ tẹ ìṣó gùn ún níṣojú mi. Ariwo tí mo pa lọ́jọ́ náà, ó dé ọjà.

Àwọn ọlọ́gbọ́n inú yín á ní, mùsíọ́ọ̀mù tó wà ní Ẹnuwá ńkọ́? Ilé náà, irú kẹta. Orí idẹ tó wà nínú rẹ̀, irú kejì! Ní 1938, ìpìlẹ̀ ilé ni wọ́n ń gbẹ́ ní agbolé Wúnmọníjẹ̀ tí wọ́n fi bá wọn pàdé nínú ilẹ̀. Ọ̀kan wà ní British Museum ní Lọ́ńdọ̀nù títí dòní. Ẹ jẹ́ ká má tíì fọwọ́ kan ìyẹn, inú á bí mi.

Irú kẹrin, ọdún àti ayẹyẹ. Hawan Sallah, ìyẹn ìgẹṣin ọdún Iléyá àti Ìtúnu Ààwẹ̀, ní Kano, pẹja-pẹja Argungu ní Kebbi, Ojúde Ọba n'Íjẹ̀bú-Òde, Ọlọ́jọ́ tiwa níbí. Ọjọ́ ló ni irú yìí. Ẹ̀gbọ́n mi kan tó ń gbé Ìlọrin pè mí lóṣù kẹta, wọ́n ní àwọn ti dé gáréèjì, kí n wá mú àwọn lọ wo adé Arẹ̀ lórí Ọ̀ọ̀ni. Oṣù kẹta! Adé tó jẹ́ pé ìgbà Ọlọ́jọ́ ló ń jáde, nígbà tí òjò bá ń kásẹ̀ nílẹ̀. Mo ra iyán fún wọn, mo mú wọn dé Ẹnuwá, wọ́n ṣì ń kùn títí wọ́n fi wọkọ̀. Wọn ò tíì dárí jì mí.

Ibòmíràn wà tí kò gbà kí wọ́n fi òun sójú kan. Igbó Ọ̀ṣun ní Òṣogbo, tí UNESCO, àjọ àgbáyé tó ń rí sí àṣà, kọ orúkọ rẹ̀ sínú ìwé ogún àgbáyé ní 2005: igbó àti odò, irú kìíní, ojúbọ àti ère tí Àdùnní Olórìṣà, ìyẹn Susanne Wenger, àtàwọn oníṣẹ́ ọnà tó bá a ṣiṣẹ́ mọ, irú kejì, ọdún Ọ̀ṣun lóṣù kẹjọ, irú kẹrin. Ẹ kọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sílẹ̀, kẹ́ ẹ sì sọ ìdí.

Ó yá, èyí tó kù, ti yín ni. Yunifásítì tó wà n'Ífẹ̀ níbí, èyí tí wọ́n fi orúkọ Awólọ́wọ̀ pè ní 1987. Àlejò ń wá wo àwọn ilé rẹ̀, wọ́n ń ya fọ́tò iwájú Oduduwa Hall lójoojúmọ́. Irú wo ni? Ẹ má tíì dáhùn, ẹ kọ́kọ́ béèrè... ẹ ti mọ ìbéèrè náà.

Bàbá tó ń ṣọ́ ọgbà ti ń mi kọ́kọ́rọ́ sí mi. Ẹ jọ̀ọ́ sà, a ti ń jáde.