Bí a ṣe ń fi igi arère kan ara ọkọ̀ òfurufú àwòṣe

Ẹ̀yin òǹwòran wa, ẹ kú ìjókòó. Lórí tábìlì ìsọ̀ káfíńtà tí a wà yìí ní Ìlọrin, ara ọkọ̀ òfurufú àwòṣe ni a fẹ́ kàn, láti imú títí dé ìrù, tí gígùn rẹ̀ jẹ́ 60 sẹ̀ǹtímítà. Ìyẹ́ rẹ̀ di fídíò mìíràn, nítorí pé bí ara bá wọ́, kò sí ìyẹ́ tí ó lè bá a tún un ṣe.

Igi tí àwọn tó ń kan irú ọkọ̀ yìí káàkiri ayé fẹ́ràn jù ni balsa, tí èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀ ń ti orílẹ̀-èdè Ecuador wá, tí kúbíìkì mítà kan rẹ̀ sì sábà máa ń wọn nǹkan bíi 160 kìlógíráàmù. Níwọ̀n bí kò ti wọ́pọ̀ lọ́dọ̀ àwọn tó ń ta pákó nílé wa, arère ni a óò lò, igi tí àwọn oníṣòwò òkè òkun mọ̀ sí obeche. Arère gbígbẹ wúwo ju balsa lọ ní ìlọ́po méjì àti díẹ̀; nítorí náà, níbi tí àwòrán iṣẹ́ bá ti béèrè ọ̀pá balsa tí fífẹ̀ àti nínípọn rẹ̀ jẹ́ mílímítà 5, mílímítà 3 ti arère ti tó. Ẹ yan pákó tí ìlà ara rẹ̀ lọ gbọọrọ, tí kò ní kókó, kí ẹ sì wo ara rẹ̀ dáadáa bóyá ihò wà níbẹ̀ tó dà bí ojú abẹ́rẹ́, torí kòkòrò fẹ́ràn arère púpọ̀. Ẹ jẹ́ kí pákó náà wà nínú yàrá tí ẹ ti ń ṣiṣẹ́ fún ìgbà díẹ̀ kí ẹ tó là á. Èyí tí a lẹ̀ pọ̀ nígbà òjò tí kò tíì gbẹ yóò sún kì bí ọyẹ́ bá dé.

Ọ̀pá gbọọrọ mẹ́rin ni ó ń gbé ara náà ró, méjì fún ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan, inú pákó kan náà sì ni kí ẹ ti la mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Kí ẹ tó fi gọ́ọ̀mù kàn wọ́n, ẹ di ìdí ọ̀kọ̀ọ̀kan mú létí tábìlì, kí ìyókù yọ síta, kí ẹ wá fi nǹkan kékeré kan náà kọ́ sórí wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹ wo eléyìí: ó tẹ̀ dé ibí, èkejì rẹ̀ kò tẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ rárá, bẹ́ẹ̀ ojú kò lè mọ ìyàtọ̀ wọn. Àwọn tó bá tẹ̀ bákan náà ni kí ẹ pín sí ọ̀tún àti òsì.

Ẹ tẹ́ àwòrán iṣẹ́ sórí pákó pẹrẹsẹ, kí ẹ fi ọ̀rá bò ó kí gọ́ọ̀mù má baà lẹ̀ mọ́ ọn. Ẹ̀gbẹ́ igi ni pínnì ń dúró sí. Ẹ má gún un gba àárín igi kọjá. Bí ẹ̀gbẹ́ àkọ́kọ́ bá parí, ẹ fi ọ̀rá mìíràn lé e, kí ẹ sì kan ìkejì sórí rẹ̀ gan-an, kí àwọn méjèèjì lè jẹ́ ìbejì.

Láti àárín, níbi tí ara ti fẹ̀ jù, ni a ti ń so wọ́n pọ̀ pẹ̀lú àwọn igi ìdábùú, tí a ń fi igun páálí tó gún régé yẹ̀ wọ́n wò. Ìrù ló gbẹ̀yìn, òun náà ló sì le jù. Ẹ fi rọ́bà fa ìdí méjèèjì pọ̀ díẹ̀díẹ̀, kí ẹ na òwú láti àárín imú dé ibi tí wọ́n ti pàdé. Bí ìrù bá yà sí òsì, ẹ̀gbẹ́ òsì ni ó le ju ọ̀tún lọ; ẹ fi omi gbígbóná pa á lára níta, kí ó lè rọ̀, kí ẹ tún fà á. Gọ́ọ̀mù kò gbọdọ̀ kan ìrù títí òwú yóò fi gba àárín.

Ohun yòówù tí yóò wà nínú, bí igi tí rọ́bà tó ń yí abẹ̀bẹ̀ ọkọ̀ yóò so mọ́, ẹ fi sí i báyìí. Àwọn tó kan ọkọ̀ ogun Mosquito ti ilé-iṣẹ́ de Havilland ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tí ó kọ́kọ́ fò ní ọjọ́ 25 oṣù Kọkànlá ọdún 1940, lo ọgbọ́n yìí: ìlàjì ọ̀tún àti ìlàjì òsì ni wọ́n kọ́kọ́ fi pákó ṣe, wọ́n to ọ̀pọ̀lọpọ̀ wáyà àti páìpù sínú wọn, kí wọ́n tó pa wọ́n dé.

Ẹ fi sanpépà fá ìrù ju imú lọ. Bí ìrù bá jìnnà sí ojú ìwọ̀n ọkọ̀, ìyẹn ibi tí ọkọ̀ ti ń dọ́gba bí a bá fi ìka gbé e, ní ìlọ́po mẹ́ta bí imú ṣe jìnnà sí i, gíráàmù kan tó ṣẹ́kù ní ìrù yóò gba gíráàmù mẹ́ta ní imú kí ọkọ̀ tó lè dọ́gba.

Lẹ́yìn èyí, ẹ fi pépà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ bò ó, kí ẹ fọ́n omi fẹ́ẹ́rẹ́ sí ẹ̀gbẹ́ méjèèjì lẹ́ẹ̀kan náà, nítorí pé bí pépà ọ̀kan bá kọ́kọ́ gbẹ tí ó sì fà, yóò tẹ gbogbo ara náà sí ọ̀dọ̀ ara rẹ̀.