Wọ́n Lu Ẹṣin Olówó ní Gbànjo

Àsàlámù àlékúmù wàráhámọ́túlàhi wàbàrákátù, ẹ̀yin ará mi nínú ẹ̀sìn. Ẹ kú Jímọ̀ o.

Nínú Súrà Al-Imrana, áyà 14, Ọlọ́hun ka ohun tí wọ́n ṣe ní ọ̀ṣọ́ fún ọmọ aráyé: obìnrin, ọmọ, òkìtì wúrà àti fàdákà, ẹṣin tí wọ́n sàmì sí lára, ẹran ọ̀sìn àti oko. Ẹ wá wo William Whitney, ará Amẹ́ríkà, bí ọ̀ṣọ́ yìí ṣe pé sí i lọ́wọ́ tó.

Mínísítà ni lábẹ́ Ààrẹ Cleveland, 1885 sí 1889. Òun ló ń bójú tó ọmọ ogun ojú omi. Ọkọ̀ ojú irin ìgboro New York sọ ọ́ di olówó rẹpẹtẹ. Ó nílé ní Fifth Avenue, òpópónà àwọn olówó níbẹ̀, ó wá kó wọnú eré ẹṣin. Ní 1901, ẹṣin tó yá lò, Volodyovski, gbégbá orókè níbi Derby, eré ẹṣin ńlá ìlú Epsom nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Lọ́dún yẹn náà, ó san 60,000 dọ́là lórí ẹṣin kan ṣoṣo, Hamburg. Ẹ má ṣì mí gbọ́ o, ẹṣin ò lẹ́bi. Ànábì wa, kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a, ṣètò eré ìje ẹṣin ní Mẹ̀dínà. Tẹ́tẹ́ tí wọ́n ń ta lé e lórí ni haramu.

Flora ìyàwó rẹ̀ kú ní 1893. Edith tó fẹ́ tẹ̀lé e, orí ẹṣin ló wà tó fi forí gbá afárá, ìyẹn ló sì pa á ní 1899. Méjì nínú àwọn ọmọ ti kẹ̀yìn sí bàbá wọn nítorí ìgbéyàwó kejì yìí. Ọ̀ṣọ́ ń fi ọ̀ṣọ́ ṣòfò!

Ní February 1904, àìsàn apẹ́ńdíìsì mú un lọ lẹ́ni ọdún 62. Ọdún náà ò tíì parí tí wọ́n fi lu àwọn ẹṣin rẹ̀ ní gbànjo. Harry ọmọ rẹ̀ ná Hamburg, ẹṣin bàbá tó bí i lọ́mọ, títí dé 70,000 dọ́là kó tó rí i gbà.

Kì í ṣe Mùsùlùmí, ọ̀rọ̀ rẹ̀ dọwọ́ Ẹlẹ́dàá rẹ̀. Tiwa ńkọ́? Bùkárì àti Múslímù gbà á wá pé nǹkan mẹ́ta ní í sin òkú: ẹbí, dúkìá àti iṣẹ́ rẹ̀. Méjì á padà, iṣẹ́ nìkan ní í dúró tì í. Ànábì tún ní kò tọ́ kí Mùsùlùmí tó ní ohun tó fẹ́ fi sọ àsọọ́lẹ̀ sun òru méjì láìkọ ọ́ sílẹ̀. Àsọọ́lẹ̀ náà kò gbọdọ̀ ju ìdá kan nínú mẹ́ta dúkìá lọ, kò sì sí fún ajogún. Bí ẹ bá kírun Jímọ̀ tán lónìí, ẹ wá ìwé àti gègé. Gbèsè tí ẹ jẹ ni kí ẹ kọ́kọ́ kọ.